Dídá Dyslexia Mọ̀ Lára Ọmọ Tí Ń Ka Yorùbá

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún ni olódo. Dyslexia jẹ́ ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ tètè so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró. Bí a bá fura sí i, ojú àti etí ọmọ náà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn èyí, kí a ní kí ó yọ sílébù àkọ́kọ́ kúrò nínú ‘agbádá’, kí ó pe ìyókù. Kí a tún fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, bí i ‘dùbẹ́pọ’, láti kà. Ọmọ tí ó ti há ìwé sórí lè kà á bí ayékòótọ́.

Iye àṣìkà nìkan kò tó ẹ̀rí. Àkọtọ́ Yorùbá, bí ti Ítálì, kò lọ́jú pọ̀ bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí kan ní 2001 fi hàn pé àwọn ará Ítálì tí wọ́n ní dyslexia kàwé ju irú wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lọ, síbẹ̀ wọ́n rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nílé. Ọmọ tiwa náà lè kà á tán láìṣìnà, kí ó sì máa wọ́ bí ìgbín. Nítorí náà, kí a mú aago dání. Àìfi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn àgbà òǹkọ̀wé pàápàá ń fò ó.

Kí olùkọ́ kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó fi han òbí. Onímọ̀ ni yóò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.