Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fipá mú sáré: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ nípa ooru

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ló gbà pé bí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá ṣe jẹ́ tuntun tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tutù tó. Ọ̀rọ̀ kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ivy Bridge tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde lóṣù kẹrin ọdún 2012 jẹ́ àpẹẹrẹ kan.

Lórí ìwé, ó dára ju Sandy Bridge ti ọdún 2011 lọ. Wáàtì 77 ni wọ́n kọ sára i7-3770K, nígbà tí i7-2600K tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ 95. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn fipá mú un sáré ju bí Intel ṣe ṣe é lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní overclocking, ó gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ooru há sójú kan. Èkejì, irin yíyọ́ ni wọ́n fi lẹ ìdérí Sandy Bridge mọ́ ọn, bí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ṣe máa ń fi òjé jó wáyà. Ohun tó dà bíi gírísì ni wọ́n fi sí ti Ivy Bridge, ooru kì í sì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá. Ọdún 2018 ni Intel tó padà sí irin yíyọ́, lára i9-9900K.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún iyára, tí wọ́n sì fi ìdá 10 kún fóltéèjì kí kọ̀ǹpútà má baà máa kú lójijì, ooru yóò fi nǹkan bí ìdá 45 lé sí i, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni fóltéèjì ń wọ inú ìṣirò náà.

Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún oníṣòwò kékeré? Kò tó nǹkan. Bí ooru bá dé gbèdéke, processor yóò dín iyára ara rẹ̀ kù, tàbí kí kọ̀ǹpútà kú láàárín iṣẹ́ oníbàárà. Owó iná tàbí ti epo jẹnẹrétọ̀ yóò sì lọ sókè.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ tó ní lẹ́tà K lẹ́yìn orúkọ processor rẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fipá mú un sáré rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku inú rẹ̀, kí wọ́n nu gírísì gbígbẹ tó wà lábẹ́ fáànù, kí wọ́n sì fi tuntun sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.