Ta Ni Yóò Fún Dókítà Olùwádìí Ní Àkókò?

Àkókò ló ṣọ̀wọ́n jù lọ́wọ́ dókítà tó fẹ́ di olùwádìí. Aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ ìwádìí lè dúró di ọ̀la, bó bá sì di ọ̀la, aláìsàn mìíràn á ti dé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn, tí ìbéèrè tó sọ sí dókítà lọ́kàn lẹ́bàá ibùsùn kò fi ní rí ìdáhùn. Láti 1979 ni ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ti gbé àpilẹ̀kọ jáde tó kìlọ̀ pé àwọn dókítà olùwádìí ti ń lọ sí ìparun.

Owó ni Amẹ́ríkà fi fèsì. National Institutes of Health, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ìwádìí ìlera níbẹ̀, ní oríṣiríṣi owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà K sàmì sí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. K23, tó wà fún dókítà tó ń ṣèwádìí lọ́dọ̀ aláìsàn, bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ní 2006, àjọ náà dá ètò ńlá kan sílẹ̀ káàkiri àwọn yunifásítì kí ìmọ̀ tó wà ní yàrá àyẹ̀wò lè tètè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ó sì fi ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí kún un. Òfin kan ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó gba owó K, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìwádìí. Síbẹ̀, ọ̀nà náà ń gùn sí i ni. Ní 1980, bí ẹni ọdún 36 ni olùwádìí máa ń jẹ́ kó tó rí R01, owó ńlá àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, gbà; nígbà tí ọdún 2000 fi kọjá, ó ti lé ní 40.

Wọ́n tún máa ń fi ẹni tó bá gba owó K sábẹ́ ọ̀gá kan tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Ibí gan-an ni àríyànjiyàn wà. Àwọn kan gbà pé wọ́n lè kọ́ ọ̀gá ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ni, bí wọ́n ṣe ń kọ́ dókítà láti rán egbò. Wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nínú ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2014, wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín ọ̀gá 283 ní ibùdó 16 sí ọ̀nà méjì; apá kan gba ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́jọ, apá kejì kò gbà á. Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ sọ pé àwọn ti mọ iṣẹ́ náà ṣe sí i, àwọn ọmọ abẹ́ wọn sì jẹ́rìí sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá wò ó fínnífínní á rí i pé ìwé ìbéèrè ni wọ́n fi wọn ìyàtọ̀ náà. Bóyá ọmọ abẹ́ náà rí owó gbà, bóyá ó ṣì ń ṣèwádìí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwé ìbéèrè kò lè sọ ìyẹn. Wákàtí mẹ́jọ lè kọ́ ọ̀gá láti fetí sí ọmọ abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fún ọ̀gá tí kò ráyè ní àkókò.

Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ṣe sì ni títọ́ni sọ́nà. Ọmọ abẹ́ á gbé ètò ìwádìí tó jẹ́ ogún ojú ìwé wá. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, á sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: báwo lo ṣe mọ̀ pé igba aláìsàn á tó? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè lọ lórí ìlà pupa yẹn, ó sì lè gba ọdún méjì là. Ọ̀gá mìíràn kì í kà á rárá. Á fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ á sì wà lórí àpilẹ̀kọ nígbà tó bá jáde. Nínú ìròyìn tí yunifásítì ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń náwó sí ìwádìí, olùtọ́sọ́nà ni àwọn méjèèjì. Èyí tó burú jù ni ti ọ̀gá tó ka gbogbo ìsọfúnni sí ohun ìní rẹ̀, tí ọmọ abẹ́ á sin ín fún ọdún márùn-ún láì ní ìbéèrè kan tó lè pè ní tirẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ìwé ìwádìí tí National Postgraduate Medical College, tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ ní 1979, ń béèrè lọ́wọ́ rẹ́sídẹ́ǹtì kó tó di kọ̀ńsọ́tántì ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Rẹ́sídẹ́ǹtì á máa gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún nígbà tí kò bá sí ní kọ́ọ̀lù, á máa fi owó ara rẹ̀ san owó àyẹ̀wò, á sì máa tẹ èsì sínú kọ̀ǹpútà lóru. Bó bá yege, ìwé náà á gorí pẹpẹ, eruku á bò ó. Púpọ̀ nínú wọn kì í di àpilẹ̀kọ tí ẹlòmíràn lè rí kà.

Owó K43 láti Fogarty International Center, ẹ̀ka National Institutes of Health tó ń bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe, wà fún àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà, òfin ìdá 75 sì dè é mọ́lẹ̀ bákan náà. Níbi tí kọ̀ńsọ́tántì mẹ́ta ti ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́fà nítorí pé àwọn yòókù ti jápa, ta ni yóò tọ́jú aláìsàn ẹni tó bá gba owó náà? Olórí ẹ̀ka á fọwọ́ sí ìwé ìlérí, àmọ́ ètò kíláńíkì ọjọ́ Ajé kò ní yí padà. Ọ̀gá rere pọn dandan, ṣùgbọ́n àkókò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí ọmọ abẹ́ tí kò ráyè jókòó kò ní ohun tí yóò gbé wá fún ọ̀gá láti tún ṣe. Kí ilé ìwòsàn tó bá fọwọ́ sí irú owó bẹ́ẹ̀ kọ ọjọ́ ìwádìí sínú ìwé ètò iṣẹ́, kó kọ orúkọ dókítà tí yóò rọ́pò olùwádìí lọ́jọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì san owó fún un.