ÀGBÀRÁ Ò NÍ ÒUN Ò NÍ WÓLÉ: Ẹ̀kọ́ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi sílẹ̀ fún ará Àgbárá

Àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe lásán ni fún ẹlòmíràn. Ní Àgbárá, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni. Bí òjò bá ti ṣú lápá Lùsádà, ìyá oníṣòwò á máa gbé ẹrù rẹ̀ sókè tábìlì, mẹkáníìkì á máa ko irinṣẹ́ kúrò nílẹ̀, télọ̀ á ká aṣọ oníaṣọ. Gbogbo wọn mọ̀ pé omi ń bọ̀. Wọ́n sì mọ̀ pé omi nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹnìkan ló gé igi tó ń dá omi dúró. Ẹnìkan ló kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Ẹnìkan sì jókòó ní ọ́fíìsì, tó fọwọ́ sí ìwé.

Ta ló fọwọ́ sí i? Ta ló gbowó? Ṣé wọ́n bi ará ìlú léèrè? Tíṣà fásitì kan wà tó fi irú ìbéèrè wọ̀nyí kọ̀wé, tó fi wọ́n ṣe sinimá. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní "Honest Man". Ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2018 ló dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún 78. Kì í ṣe ọmọ Àgbárá, ọmọ Ìbàdàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Àgbárá tó sì wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àdúgbò òun ni bàbá náà ń sọ.

Ó KA FARANSÉ, Ó KỌ YORÙBÁ

Oṣù Kejìlá ọdún 1939 ni wọ́n bí i. Ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì ní Lábọ̀dé ló ti mọ̀wé, kó tó lọ sí Wesley College n'Ìbàdàn. Nígbà tó dé Yunifásítì Ìbàdàn, èdè Faransé ló kà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: láyé ìgbà yẹn, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó tún gbọ́ Faransé, irú iṣẹ́ wo ni kò ní rí ṣe? Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 tó fi kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní Yorùbá pọ́nńbélé. Nígbà tó yá, ó gba oyè másítà nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Èkó ní 1978, ó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1991.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ má gbàgbé ẹni tí Ẹfúnṣetán jẹ́. Oníṣòwò ni. Ìyálóde Ìbàdàn ni, ó lóko, ó lẹ́rú, ó lówó ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìgbà rẹ̀ lọ, kí ọ̀tẹ̀ tó pa á ní 1874. Eré náà le mọ́ ọn, ó fi í hàn bí ìkà. Àwọn kan kò fara mọ́ ọn tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, obìnrin tó mọ ìtàn Ìbàdàn dunjú, fi hàn pé ọ̀rọ̀ ogun àti ìjọba wà nínú ìjà Ìyálóde náà pẹ̀lú Ààrẹ Látòósà. Ìṣọ̀lá tún kọ eré mìíràn, ní Gẹ̀ẹ́sì, lórí Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò pàtàkì tó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí náà. Ẹni tó bá wá sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú kò kan obìnrin ọlọ́jà, ẹ bi í bóyá ó tíì gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì yìí rí.

IGBÓ TÓ NÍ ONÍGBÓ

Ní 1990, Ìṣọ̀lá gbé Ogún Ọmọdé jáde. Ìwé ọmọ abúlé ni, àwọn ọmọ tó dàgbà láàárín oko kòkó àti igbó. Ẹni tó kà á á rẹ́rìn-ín títí, nítorí eré àti ìjàngbọ̀n àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rín yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀: igbó kì í ṣe ilẹ̀ tó ṣófo tó ń dúró de ẹni tí yóò rà á. Ilé ìwé ni, ilé oúnjẹ ni, ilé oògùn ni.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni Ṣaworoidẹ dé, fíìmù tí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání darí. Ọdún 1999 ni, ọdún kan náà tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ní Nàìjíríà. Ìlú kan ń jẹ́ Jogbo. Ẹni tó bá fẹ́ jọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìlú mulẹ̀ níwájú ìlù àti adé idẹ. Bó bá dalẹ̀, tí wọ́n sì lu ìlù ṣaworo nígbà tí adé wà lórí rẹ̀, ó di ẹrù ikú. Lápitẹ́, tí Kọ́lá Oyèéwò ṣe, fẹ́ adé ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìmulẹ̀. Ó fipá yẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó gorí oyè tán, àwọn agégẹdú wọ igbó Jogbo, wọ́n ń gé igi bó ṣe wù wọ́n, owó ń wọ àpò ọba àtàwọn ìjòyè, àgbẹ̀ ń sunkún.

Ẹ wá gbọ́ ibi tọ́rọ̀ wà. Kì í ṣe ọjọ́ tí agégẹdú gbé ayùn wọlé ni igbó Jogbo bàjẹ́. Ọjọ́ tí ọba kọ̀ láti mulẹ̀ ni. Agégẹdú oníṣòwò ni, èrè ló bá wá. Ọba ló yẹ kó sọ pé, ìdí igi yìí, ẹ ò gbọdọ̀ kọjá, èyí tẹ́ ẹ bá sì gé, ẹ gbìn òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tí kò bá ìlú ṣàdéhùn kankan, kí ló máa rò tí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀? Sọ́jà tó gbàjọba lẹ́yìn rẹ̀ náà dé adé yẹn láìmulẹ̀. Ìlù dún, ó ṣubú.

TA NI Ẹ FẸ́ LU ÌLÙ FÚN?

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Oko àti igbó ilẹ̀ Àwórì ló wà ní Àgbárá tẹ́lẹ̀, kí Olóyè Adéyẹmí Lawson tó dá ẹ̀sítéètì iléeṣẹ́ ńlá sílẹ̀ níbẹ̀. Nestlé wà níbẹ̀, Unilever wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé kí iléeṣẹ́ má wá o. Òun ló ń jẹ́ kí ìyá olóúnjẹ tajà lásìkò tí ṣíífù bá parí, òun ló mú wẹ́dà, rẹwáyà àti awakọ̀ wá láti ìlú gbogbo.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ewé àti gbòǹgbò igi bò máa ń mu omi òjò díẹ̀díẹ̀. Páànù, kọnkéré àti ọ̀dà kì í mu omi. Ohun tó bá já sórí wọn, ńṣe ló ń sáré lọ síbi tó bá rọlẹ̀, bí kò bá sì sí gọ́tà gidi, á gbẹ́ ilẹ̀ di kòtò. Àgbárá ti rí irú kòtò yẹn. Àwọn awakọ̀ tó ń ná Àtàn sí Lùsádà sí Àgbárá náà ti rí ìyà lójú ọ̀nà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2023, GlaxoSmithKline, tó níléeṣẹ́ ní Àgbárá, kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Oníṣòwò lè lọ bí ọjà ò bá tà. Ilẹ̀ kì í lọ, ará ìlú ló ń bá a gbé.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan tún wà, bó tilẹ̀ korò. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó dí gọ́tà, iléeṣẹ́ kọ́ ló dà á síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó gun orí gọ́tà, ẹnìkan nínú wa ló kọ́ ọ, ẹnìkan ló sì ń gba owó rẹ̀. Òwe sọ pé onílé ni kò ní gbà. Onílé tó fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àgbàrá ńkọ́?

Kò sí ìlù ṣaworo ní Adó-Odò/Ọ̀tà. Káàdì ìdìbò wà. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà. Nígbà tí olóṣèlú bá wá pẹ̀lú ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni ọjọ́ ìmulẹ̀. Kí ẹgbẹ́ bi í níwájú gbogbo ènìyàn: gọ́tà wo lo máa ṣe, títì wo, títí di oṣù wo? Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kà á sétí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sá fún ìbéèrè yẹn, Lápitẹ́ ni. Ẹ sì má rò pé ẹni rere kan péré tó. Nínú Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀lé Ṣaworoidẹ ní 2002, ọba tuntun fẹ́ tún ìlú ṣe, àwọn ìjòyè tó ti mọ́ lára láti máa jẹ owó ìlú ló dojú kọ ọ́. Ìlú ló gbọ́dọ̀ dúró tì í.

ÌWÉ KÌ Í ṢE TI ỌMỌ OLÓWÓ NÌKAN

Ìdí rèé tí Ìṣọ̀lá fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Ó lè kọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa yìn ín. Ó fẹ́ kí àgbẹ̀ Jogbo fúnra rẹ̀ gbọ́. Títí tó fi kú ló ń bá àwọn òbí tó ń lé Yorùbá kúrò lẹ́nu ọmọ wọn wíjọ́. Ní Àgbárá, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń gbé pọ̀, ó rọrùn kí ọmọ dàgbà kó má lè ka ojú ìwé Yorùbá kan. Ọmọ bẹ́ẹ̀ á mọ orúkọ gbogbo ohun tí iléeṣẹ́ ń ṣe, kò ní mọ orúkọ igi tó wà níbẹ̀ kí iléeṣẹ́ tó dé.

Ẹ ra ìwé kan fún ọmọ yín, kódà kó jẹ́ àlòkù. Kó máa kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọjà bá dákẹ́, kí ìyá aláàárù àti ọmọ iṣẹ́ máa gbọ́. Bó bá dé ibi tí ọba Jogbo ti ń gbowó igbó, ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè pé, "Ìyá mi, ta ló fọwọ́ sí tiwa?"