Kì Í Ṣe Gbogbo Àìtó Ẹ̀jẹ̀ Ni Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ń Wò

Ẹni tó bá ti lọ kí aláìsàn tó ń gba kẹ́mò yóò ti rí ohun tó máa ń wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì: agolo mọ́ọ̀tì, mílíìkì, ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rà, ike omi ewé úgwú tí ìyá fún ní kùtùkùtù, nígbà mìíràn omi poroporo ọkà bàbà tó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìfẹ́ ló kó gbogbo rẹ̀ wá. Nọ́ọ̀sì ti fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n yẹ PCV, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, wò, kò ju 19 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ti obìnrin tí ara rẹ̀ le sábà máa ń wọ 36 sókè, ti ọkùnrin 39 sókè. Kí ni ẹbí yóò ṣe ju kí wọ́n wá ohun tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ lọ? Àmọ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rìn kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ mọ́ aboyún, òmíràn nínú ohun tí à ń gbé wá sì lè pa aláìsàn lára.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Lójúmọ́, nǹkan bíi 200 bílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń ti ibẹ̀ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Àwọn ló ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ síbi gbogbo. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní lukimíà, a máa kún mùdùnmúdùn yìí títí sẹ́ẹ̀lì gidi ò fi ní ríbi jókòó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn fi ń dín kù kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Kẹ́mò tún wá dé. Sẹ́ẹ̀lì yòówù tó bá ń yára bí sí i ló ń pa, ìbáà jẹ́ ti jẹjẹrẹ, ìbáà jẹ́ èyí tó fẹ́ di ẹ̀jẹ̀ gidi. Bí ilé búrẹ́dì bá ti dá iṣẹ́ dúró, àpò ìyẹ̀fun téèyàn kó síwájú rẹ̀ kò lè sọ ara rẹ̀ di búrẹ́dì. Ohun tí irin àti fólíìkì inú oògùn ẹ̀jẹ̀ jẹ́ fún aláìsàn yìí nìyẹn, àyàfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé wọ́n wọ́n lára rẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú irin. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba ìtọ́jú lukimíà ló ń gba ẹ̀jẹ̀ léraléra, àpò kan ṣoṣo sì ní tó mílígíráàmù 200 sí 250 irin nínú. Ara kò ní ọ̀nà tó ń gbà da irin àpọ̀jù nù. Èyí tó ń bá awọ àti ìfun lọ lójúmọ́ kò ju mílígíráàmù kan sí méjì. Ẹni tó bá ti gba bí ogún àpò, irin ti ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀. Tí a bá tún wá ń fún un ní irin láàárọ̀ lálẹ́, wàhálà là ń fi kún wàhálà.

Ti fólíìkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Dókítà Sidney Farber ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá fún ọmọ tó ní lukimíà ní fólíìkì, ńṣe ló jọ pé àìsàn náà ń gbilẹ̀ sí i. Ó wá rò ó pé, tó bá jẹ́ pé fólíìkì ló ń bọ́ ọ, kí òun wá oògùn tí yóò dènà fólíìkì. Ní 1948, ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: nínú ọmọ 16 tó fún ní aminopterin, ara 10 yá, bí kò tilẹ̀ pẹ́ tí àìsàn náà fi padà. Oògùn kan tó jọ ọ́ gan-an, methotrexate, ṣì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú lukimíà ọmọdé títí dòní. Ẹ wá wò ó: ilé ìwòsàn ń fún ọmọ ní oògùn tó ń dènà fólíìkì, ìyá rẹ̀ sì ń fún un ní ṣíbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí fólíìkì wà nínú rẹ̀ nílé. Ìyá kò jẹ̀bi. A ò sọ fún un ni. Nígbà mìíràn, dókítà fúnra rẹ̀ a máa fún aláìsàn ní irú fólíìkì kan lẹ́yìn methotrexate, àmọ́ ó ní wákàtí tó fi ń ṣe é. Gbogbo ìgò àti gbogbo àgbo ló yẹ kí dókítà rí kó tó kan ẹnu.

Lukimíà kan wà tí kì í ṣe kẹ́mò ni wọ́n fi ń wò ó. Láti 2003 ni ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fún àwọn tó ní irú èyí tó máa ń rọra wọlé síni lára ní Glivec, ìyẹn imatinib, lọ́fẹ̀ẹ́, èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbà á. Oògùn oníhóró yìí náà a máa dín ẹ̀jẹ̀ kù. Bó bá ti rẹ ẹlòmíràn, á gbé oògùn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà, torí pé jẹjẹrẹ yóò gba ààyè padà. Dókítà ló lè dín in kù tàbí kó dá a dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kó sì gbé ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára bó bá yẹ.

Àpò ẹ̀jẹ̀ kan sábà máa ń gbé PCV àgbàlagbà sókè ní bíi 3. Ní Nàìjíríà, ẹbí ló sábà ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bá ọ̀rẹ́, ará ìjọ tàbí ará mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó bí yín nínú bí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ kò bá lọ sára èèyàn yín gan-an. Ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ ló máa ń gbà á rọ́pò èyí tí wọ́n lò. Bó bá sì ṣeé ṣe kí ọmọ ìyá fún aláìsàn ní mùdùnmúdùn lọ́jọ́ iwájú, àwọn dókítà kì í fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wọ ara aláìsàn ṣáájú, kí ara má baà ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé ni ìfaradà tó pọ̀ jù wà. Àárẹ̀ tó ń bá àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí rìn kì í ṣe èyí tí oorun ń gbà lọ: ẹni tó fẹ́ fọ eyín lè dúró mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí. Kó jókòó lórí àpótí wẹ̀, kó kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kó tó dìde, kí iṣẹ́ tó ṣe kókó ṣáájú nígbà tí agbára ṣì wà, kí ẹlòmíràn pọnmi. Ìrìn díẹ̀ láàárín ọgbà, bí dókítà bá fọwọ́ sí i, a máa dín àárẹ̀ kù ju kéèyàn dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ lọ. Ẹyin tó jinná, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè dáadáa, gbogbo rẹ̀ ló dára. Omi úgwú tútù ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní àkókò tí sẹ́ẹ̀lì funfun, èyí tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀, bá ti lọ sílẹ̀, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó lè wà lára ewé.

Bí èémí bá ń gé aláìsàn níjòókòó, bí àyà bá ń dùn ún, bí òòyì bá gbé e ṣubú, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́.