Ṣé Ológbò Ló Ń Mú Òjò Rọ̀?

Láyé àtijọ́, abẹ́ òṣùpá ni a ti ń pa àlọ́. Lónìí, ilé-ìkàwé ni ọmọ mìíràn ti ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá pa ìtàn fún àwọn ọmọ níbẹ̀, ẹ má fòyà. Ẹ mú ohun méjì tí gbogbo ọmọ mọ̀: ológbò àti òjò.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ ké “Àlọ́ o!”, kí wọ́n dáhùn “Àlọ̀!” Kí ẹ wá sọ ti ilẹ̀ Táílándì fún wọn. Ní àwọn abúlé ibẹ̀, bí òjò bá pẹ́ tí ìrẹsì sì ń gbẹ lóko, wọn a gbé abo ológbò sínú agbọ̀n, wọn a máa gbé e láti ilé dé ilé tìlù-torin. Onílé kọ̀ọ̀kan a wọ́n omi sí i lára. Ológbò kò fẹ́ omi. Wọ́n gbà pé bí ó bá ké, òjò yóò dé. Lóde òní, ọmọláńgidi ológbò ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, kí ẹranko má bàa jìyà.

Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: “Bí ìwọ bá ni ológbò náà ńkọ́?” Ẹ rán wọn létí obìnrin tí Ànọ́bì wa sọ ìtàn rẹ̀, tí ó ti ológbò mọ́lé láìfún un lóúnjẹ títí ó fi kú, tí ó sì jìyà nítorí rẹ̀.

Láìpẹ́, ọmọ kan yóò bèèrè pé: “Ìyá, ṣé ológbò ló ń mú òjò rọ̀?” Ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì fi í ṣẹ̀sín. Ẹ sọ fún un pé àlọ́ ni àlọ́. Ọlọ́run ló ń rọ̀jò. Oòrùn a mú omi òkun àti ti odò gòkè, bí omi ti ń gòkè lórí ìkòkò gbígbóná. Yóò di ìkùukùu lókè, yóò sì padà bí òjò.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Àwọn àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé bí ológbò bá nu ẹ̀yìn etí rẹ̀, òjò ń bọ̀. Ẹ gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà síta, jìnnà sí òrùlé àti igi. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé: ǹjẹ́ ológbò nu etí lánàá? Ǹjẹ́ òjò rọ̀? Kí oṣù kan tó pé, wọn yóò rí i pé ológbò ń wẹ ara rẹ̀ lójò, ó sì ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tí ó gbádùn àlọ́, tí ó sì mọ bí a ti ń wádìí ọ̀rọ̀, kò ní rọrùn fún ẹlẹ́tàn láti mú nígbà tí ó bá dàgbà. Kí Ọlọ́run bá wa wò wọ́n. Àmín.