Bí Èdè Nọ́wè Ṣe Dákẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1825, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Restauration ṣí kúrò ní èbúté Stavanger ní ilẹ̀ Nọ́wè. Ènìyàn 52 ni ó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ìjọ Quaker wà nínú wọn, àwọn tí ìjọ ìjọba ilẹ̀ wọn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí New York ní oṣù Kẹwàá, wọ́n ti di 53, nítorí pé a bí ọmọ kan lójú agbami. Èrò inú ọkọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí òfin Amẹ́ríkà gbà láyè lọ, a sì bu owó ìtanràn lé wọn. Ààrẹ John Quincy Adams ni ó fagi lé e.

Ọ̀ràn ẹ̀sìn nìkan kọ́ ni ó lé àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Òkè àti àpáta ni ó gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ Nọ́wè. Ilẹ̀ tí ọkọ́ lè ro kò tó ìdá kan nínú ogún. Àkọ́bí ni ó sì máa ń jogún oko. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, òfin ọdún 1862 fi éékà 160 fún ẹni tí ó bá gbé orí ilẹ̀ tí ó sì ro ó fún ọdún márùn-ún. Láàárín 1825 àti 1925, ó lé ní 800,000 ará Nọ́wè tí ó ṣí lọ, pàápàá sí Wisconsin, Minnesota àti Dakota. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ aláìlónílẹ̀: ọwọ́ àwọn ẹ̀yà bí Dakota àti Ho-Chunk ni ìjọba ti gbà á.

Wọn kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èdè wọn. Wọ́n dá Luther College sílẹ̀ ní 1861, àti ilé ẹ̀kọ́ St. Olaf ní 1874. Ìwé ìròyìn Decorah-Posten bẹ̀rẹ̀ ní 1874, kò sì dúró títí di 1972. O. E. Rølvaag, olùkọ́ ní St. Olaf, fi èdè Nọ́wè kọ ìtàn àròsọ rẹ̀ nípa àwọn àgbẹ̀ Dakota kí a tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1927.

Kí ni ó wá pa èdè náà lẹ́nu mọ́? Àwọn kan yóò tọ́ka sí àṣẹ tí gómìnà Iowa pa ní 1918, nígbà ogun, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa sọ ní ilé ìwé, ní gbangba, àti lórí tẹlifóònù pàápàá. Àṣẹ náà dun ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ohun tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ ni ti inú ilé. Einar Haugen, onímọ̀ èdè tí a bí ní Iowa, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1953 pé ẹ̀ka-èdè àfonífojì wọn ni àwọn àgbẹ̀ ń sọ nílé, nígbà tí ó jẹ́ pé èdè ìwé, tí ó sún mọ́ ti Denmark, ni ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kọ́ ọmọ. Èdè tí ọmọ ń kà yàtọ̀ sí èyí tí ó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì sì ni ti ọjà àti ti eré.

Ọ̀rọ̀ àyálò kọ́ ni ó pa á. Àwọn àgbẹ̀ yá «fens» fún ọgbà oko, wọ́n sì yí «korn», tí í ṣe ọkà gbogbo ní Nọ́wè, sí àgbàdo, síbẹ̀ èdè náà ń mí. Ìgbà tí òbí kò bá ọmọ sọ ọ́ mọ́ ni ó kú. Ní 1946, ìjọ Lùtérù wọn tí ó tóbi jù yọ «Nọ́wè» kúrò nínú orúkọ ara rẹ̀.

Ohun tí ó kù kò kéré: àjọ̀dún ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún, aṣọ ìbílẹ̀, ẹja lutefisk, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Vesterheim ní Decorah. Ní 2025, ọkọ̀ tí a kàn ní àwòkọ Restauration tún ti Stavanger dé New York. St. Olaf ṣì ń kọ́ni ní èdè Nọ́wè. Ṣùgbọ́n bí ẹní ń kọ́ èdè àjèjì ni àwọn ọmọ-ọmọ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn ń kọ́ ọ. Ilé ìwé, ìwé ìròyìn àti ṣọ́ọ̀ṣì lè ran èdè lọ́wọ́. Wọn kò lè gba iṣẹ́ ìyá àti bàbá ṣe.