Ọmọ fẹ́ lọ kàwé nípa Amẹ́ríkà: ẹ má tíì fọwọ́ kan ojú-owó ọjà

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti agbègbè rẹ̀ ló jẹ́ pé èrè ọjà ni wọ́n fi rán ọmọ dé yunifásítì. Bí ọmọ bá wá gba dígírì àkọ́kọ́ tán, tó ní òun fẹ́ lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà nípa àṣà àti ìṣèlú orílẹ̀-èdè náà, ìbéèrè tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ bi í ni pé: ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ gidi ni. University of Michigan ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ American Culture, níbi tí èèyàn ti lè kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé. Ní ilé-ìwé mìíràn, American Studies ni wọ́n ń pè é. Ìtàn, ìwé, orin, ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú àti bí ìjọba wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ìṣèlú nìkan bá wù yóò lọ sí ẹ̀ka Political Science.

Irú ẹ̀kọ́ yìí máa ń gbé èèyàn débi gíga. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí. Ó kàwé ní Temple University àti Fletcher School ní Amẹ́ríkà kó tó lọ sí Oxford, ó sì di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1985 sí 1987. Àmọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìwádìí, ìròyìn tàbí aṣojú ìjọba kì í tètè dá owó padà. Ẹni tó bá fi owó èlé rán ọmọ lọ, èlé yóò ti gorí èlé kí ọmọ tó ríṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ọdún kan sí méjì ni Másítà, ẹni tó ń kà á ló sì sábà máa ń sanwó rẹ̀. Oyè ọ̀mọ̀wé a máa gbà tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá ló ń dárí owó ilé-ìwé ji akẹ́kọ̀ọ́ wọn, tí wọ́n tún ń fún un lówó oúnjẹ, òun náà á sì máa bá wọn kọ́ àwọn ọmọ tàbí ṣe ìwádìí. Èyí tó gùn jù lè wá jẹ́ èyí tí kò ní fọwọ́ kan ìsọ̀ yín.

Owó kékeré pàápàá ti di ńlá. Ní 2025, owó SEVIS jẹ́ 350 dọ́là, owó físà jẹ́ 185, àpapọ̀ 535. Wọn kì í dá a padà bí wọn kò bá fún èèyàn ní físà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, nígbà tí dọ́là wà ní bíi 460 náírà ní báǹkì, 535 dọ́là kò tó 250,000 náírà. Nígbà tó di 1,500 ní 2024, iye kan náà di 802,500 náírà.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ní oṣù Kejìlá 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan tó dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2026. Kò yọ físà J sílẹ̀, èyí tí àwọn tó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Fulbright ń lò. Àwọn tí físà ti wà lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ náà tó pé ni kò kàn. Nítorí náà, kí ẹ tó fún àjẹ́ńtì ní kọ́bọ̀, ẹ lọ wo ìkànnì ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà bóyá àṣẹ náà ṣì múlẹ̀.

Bí àjẹ́ńtì bá ní òun yóò yá yín lówó tí ẹ óò fi sí báǹkì láti fi hàn pé ẹ lówó, ẹ sá fún un. Ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ níbi físà lè má wọ Amẹ́ríkà mọ́ láéláé.

Ọ̀nà kan ṣì wà nítòsí. Obafemi Awolowo University ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka Political Science àti International Relations. Ọmọ lè ka Másítà níbẹ̀, kó fi ìṣèlú Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, kó sì fi ìwé-ẹ̀rí náà wá àyè tí ilé-ìwé yóò ti sanwó fún un lọ́jọ́ iwájú. Náírà ni yóò san, ọjà yín kò sì ní kógbá wọlé.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó tú owó àjọ tàbí ta ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi lẹ́tà ilé-ìwé hàn yín, kí ẹ sì rí iye tí ilé-ìwé yóò san àti iye tó kù fún yín. Bí iye tó kù bá ju èrè ọdún kan lọ, ojú-owó ni ẹ fẹ́ jẹ yẹn.